Bá Mi Kí Olóòlù, Bá Mi Kí Àbúrò Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé ojú tó o fi ń yàwòrán kì í ta ọ́? Bó o bá béèrè wa, gbogbo wa la wà, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn àfi orúnkún mi ọ̀tún, òun náà sì ti mọ̀ pé mi ò ráyè tirẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iná kú mọ́ ọ lójú nígbà tó o bá ń ṣiṣẹ́, kí lẹ́ẹ̀dì má kán sí ọ lọ́wọ́, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí gbogbo ẹni tó bá ṣí ìwé rẹ rẹ́rìn-ín kó tó pa á dé. Èmi ti ṣe àmín. Bàbá yín náà ṣe àmín, wọ́n jókòó tì mí níbí, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹni tí mò ń kọ̀wé sí.

Wá ibi jókòó sí o, nítorí lẹ́tà yìí máa gùn.

Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Páànù tí a fi lẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àbáwọlé nígbà tí ewúrẹ́ kàn án lu ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti dípẹtà díẹ̀ ni. Àgádágodo ilẹ̀kùn náà ló ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti rọ òmíràn, ó ṣe kọ́kọ́rọ́ fún bàbá yín, ó ṣe fún mi, ó ṣe fún ara rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò lè ṣí i mọ́. Mo ní kí n sọ fún ọ, kó o má baà dé lọ́jọ́ kan kó o dúró síta. Aránṣọ ń kí ọ, ó ní ìsọ̀ òun ti gbòòrò. Ewúrẹ́ tún ti bímọ, èyí tó kéré jù nínú wọn jọ ọ́ lójú, má bínú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ìwé alàwòrán tó o fi rán awakọ̀ sí wa ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí bó ṣe ń dán, kàlẹ́ńdà ni mo pè é, mo sì ti kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀ kí n tó mọ̀ pé ìwé kíkà ni. Bí mo ṣe ṣí i ni bébà tó o kọ sí wa já bọ́. O ní àwọn tó wà nínú ìwé náà jẹ́ òrìṣà àwọn ará ibì kan láyé àtijọ́, lókè lọ́hùn-ún níbi tí omi ti ń dì gbagidi bí òkúta. O ní ẹ̀yin ayàwòrán ti gbé wọn wá sí ìlú ńlá, ẹ fún wọn láṣọ tuntun, ẹ sì ń jẹ́ kí wọ́n máa bá àwọn jàǹdùkú jà káàkiri àdúgbò. O ní ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ yà wọ́n. Mo kà á fún bàbá yín, mo tún un kà. Inú wa dùn pé o níṣẹ́ lọ́wọ́, àánú àwọn òrìṣà náà sì ṣe wá. Bí ilé bá tutù tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń júbà èèyàn mọ́, kí ni èèyàn ì bá ṣe ju kó di ẹrù rẹ̀ kó wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá bíi ti gbogbo ayé?

Bàbá yín ní ó lè jẹ́ ìtàn lásán. Mo ní rárá o. Ta ló mọ̀ ọ́ tó mi? Láti kékeré rẹ, o kì í ya ohun tí o ò bá rí. Ṣé o rántí ìgbà tó o so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì pé kó dúró jẹ́ẹ́ kó o yà á, tó sì jẹ bébà náà mọ́ ọ lọ́wọ́? Aránṣọ ní kó o bá òun ya ẹyẹ sí ara ògiri ìsọ̀, o ní kó lọ mú ẹyẹ náà wá ná. Nítorí náà mo mọ̀ dájú pé ọkùnrin olóòlù inú ìwé yẹn wá jókòó síwájú rẹ lórí àga ni, ó gbé òòlù rẹ̀ lé orúnkún, ó ń bi ọ́ léraléra pé ṣé o ti fẹ́ẹ́ parí rẹ̀. Ṣé ẹ ń fún wọn lóúnjẹ? Irú ara yẹn kò lè dúró lórí búrẹ́dì nìkan.

Mi ò tètè mọ bí wọ́n ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí fèrèsé fèrèsé. Èmi wá ń ka fèrèsé apá òsì lọ dé ìsàlẹ̀ kí n tó bọ́ sí apá ọ̀tún, bó ṣe di pé ilé ti ń wó kí Olóòlù tó gbá a, ọkùnrin kan sì ti ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára kó tó ṣubú. Mo sọ fún bàbá yín pé àwọn èèyàn yìí ń rí ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá fi ìka tọ ọ̀nà fún mi. Ohun funfun tó wà lórí kálukú ńkọ́? Mo rò pé èémí wọn ni, tí òtútù sọ di èéfín. Ìgbà tí mo fi awò ojú mi sí i ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló wà níbẹ̀. Mo ní háà, òtútù ọ̀hún mà pọ̀ o, ọ̀rọ̀ gan-an ń dì kó tó dé etí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún!

Ọmọ mi, ẹ bá Olóòlù sọ̀rọ̀ nípa ìmúra. Ó so aṣọ pupa mọ́ ọrùn, aṣọ náà balẹ̀ gẹ̀rẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo yẹ ẹ̀yìn náà wò lójú ìwé dé ojú ìwé, kò sí ọmọ níbẹ̀. Aṣọ tó tó pọn ìbejì! Bí kò bá ní í pọnmọ, kó ká a sínú àpótí kó yéé fi gbálẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni tí òjò pa, ó wá wọ pátá lé ṣòkòtò lórí. Nígbà tí aránṣọ wọlé, mo yára fi ọwọ́ bo ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí i. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, kò rí bọ́tìnnì, kò rí síìpù, ó wá ń béèrè bí ọkùnrin náà ṣe ń wọ inú rẹ̀, àti bó ṣe ń ṣe bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe wá. Aránṣọ fi téépù wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ìwé, kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, nígbà tó sú u, mo ní kó kúkú wọn ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí ìbàdí àwọn méjèèjì rí bákan náà. Ó ti rán ṣòkòtò kan tó ń gba atẹ́gùn, ó fi okùn sí i. Ó wà nínú ẹrù yìí. Sọ fún un pé abẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ pátá sí.

Ibi tó já mi láyà jù ni ti báńkì. Àwọn olè wọ báńkì, Olóòlù sì gba ara ògiri wọlé tọ̀ wọ́n. Báńkì ní ilẹ̀kùn o! Mo rí ilẹ̀kùn náà nínú àwòrán, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó mú àwọn olè, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, a ṣí ojú ìwé kejì, wọ́n ti wà níbòmíràn, kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ ògiri. Bàbá yín kò lè sùn dáadáa, wọ́n ń béèrè ta ló pe bíríkìlà. Nítorí pé báńkì ni owó tó o ń fi ránṣẹ́ wà, mo múra, mo lọ wo tiwa. Mo kọ́kọ́ yí ilé náà po, mo fọwọ́ gbá ògiri rẹ̀, kí n tó wọlé bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn dígí. Mo ní mi ò wá gbowó, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin kan tó so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀yìn ti gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ó ní ṣé òun ló ni àkáǹtì náà. Mo ní kò ní àkáǹtì, ògiri ló máa ń gbà wọlé. Ó pe obìnrin kan, obìnrin náà gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ní kí n buwọ́ lù ú pé mo wá fẹjọ́ sùn. Mo ní n ò buwọ́ lu nǹkan kan, kì í ṣe èmi ni mo fọ́ ògiri wọn. Wọ́n fún mi ní omi tútù, wọ́n sì sìn mí dé ẹnu géètì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní tirẹ̀ kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Látọjọ́ tó ti rí Olóòlù, ó ní ẹni tó ya àyà àti apá yẹn mọṣẹ́. Ó so aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi mọ́ ọrùn wọ ilé arọ, ẹ̀ta iná fò sí i, ọpẹ́lọpẹ́ omi tí wọ́n fi ń pa irin. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà ti ní fèrèsé báyìí. Bó bá ti lu irin lẹ́ẹ̀kan, á gbójú sókè wò ó bóyá ojú ọ̀run máa sán àrá dá a lóhùn bíi ti Olóòlù nínú ìwé. Lọ́jọ́ kan òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kù lóòótọ́ bó ṣe gbá òòlù balẹ̀, láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́rọ̀ létí mọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kó o fi irun díẹ̀ kún àyà Olóòlù.

Mo dé orí bàbá Olóòlù, èyí tí mò ń pè ní Baba Olójú-Kan. Èmi ń wò ó, mo tún ń wò ó, ó ń jọ ẹnì kan tí mo mọ̀, mi ò sì rántí ẹni náà. Irùngbọ̀n yẹn, tó dà sápá kan bí ẹni tó fi sùn. Bó ṣe máa ń fi ojú kan yẹn wo èèyàn títí tí èèyàn á fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Mo bi bàbá yín bóyá àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ojú wọn kan ṣoṣo wò mí títí, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Níbi tó o kọ ọ́ sí pé ó fi ojú kejì ra ọgbọ́n, bàbá yín ní ọjà tó dáa ló rà, èérún irin lásán ló gba tàwọn ní ilé arọ, kò sì fún wọn ní ṣẹ́ńjì.

Ẹṣin rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kò ṣe mí ní nǹkan kan, ìnáwó pátákò nìkan ni mò ń rò. Ẹyẹ dúdú méjì tó ń fò káàkiri ayé, tó ń bọ̀ wá sọ ìròyìn sí i létí, ìyẹn ni mo fẹ́. Fóònù tó o rà fún mi dára, mi ò bá ọ jà, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá pè ọ́, obìnrin kan ló ń gbé e, á ní o ò sí nítòsí. Mo máa ń kí i dáadáa, mo máa ń béèrè ọmọ ilé ta ni, á tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí ẹni tó kọ́ ọ sórí. Ṣé ìyàwó nìyẹn? Bó bá jẹ́ ìyàwó ni, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣáà kọ́ ọ kó máa dá ìkíni padà. Bí kò bá jẹ́ ìyàwó, kí ló dé tí kì í fún ọ ní fóònù?

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, àbúrò Olóòlù, Oníwàyó yẹn, ni mo fẹ́ràn. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. O kọ ọ́ pé Baba Olójú-Kan àti ìyàwó rẹ̀ ló gbà á tọ́ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì ń yọ wọ́n lẹ́nu bí ọmọ ilé. Ó gé irun ìyàwó Olóòlù nígbà tó ń sùn! Mo bínú, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Níbi tí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ òòlù ńlá, Oníwàyó sọ ara rẹ̀ di eṣinṣin, ó ń ta á lójú, bí ọwọ́ òòlù náà ṣe kúrú nìyẹn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, bàbá yín bú sẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ògiri mú. Wọ́n ní ọmọdékùnrin kan wà tó máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ rin àwọn létí nígbà tí àwọn bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí òòlù ńlá tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ń wò ó. Mo ní àbí ẹ ò rí nǹkan, ó ń ṣẹlẹ̀ sí alágbẹ̀dẹ níbi gbogbo.

Láti ibẹ̀ lọ, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní kí n máa kà á lọ. Mo wá dé ibi tí Baba Olójú-Kan ti kó gbogbo ilé jọ, tó gbé òòlù ńlá lé Olóòlù lọ́wọ́, tí gbogbo wọn ń hó. O ya Oníwàyó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun funfun tó wà lórí tirẹ̀ kò rí bíi ti àwọn tó kù, ó rí roboto bí ọṣẹ tó ń hó. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun tí èèyàn ń sọ nínú ni, kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, ọmọ ilé ni wọ́n fún ní òòlù, èmi, mo kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Bàbá yín ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n wá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àwòrán níbi tí Oníwàyó dúró sí nìkan ni wọ́n ń wò.

Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn wá le jù. Oníwàyó di ẹrù rẹ̀, ó gba orí afárá òṣùmàrè lọ. Ó rìn, ó rìn, ó tún padà. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn ilé oníwúrà wọn, ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ kànlẹ̀kùn, kò kàn án. Ilẹ̀kùn tì. Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ni pé, ó tún kù. Ohun tí mo kàn rí nínú ilẹ̀kùn náà ni pé wọ́n fi páànù lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní olówó wo ló ń fi góòlù kọ́lé, tó wá ń fi páànù lẹ ilẹ̀kùn?

Mo ṣí ojú ìwé tó kàn, ẹ̀yìn ìwé ni. Mo ní wọ́n ti ya èyí tó kù lọ! Mo gba ilé awakọ̀ lọ, mo bá a níbi tó ti ń fọ mọ́tò, mo ní kó gbé ìyókù ìwé ọmọ mi fún mi, pé kí ni Oníwàyó ṣe fún un tó fi fi í síta bẹ́ẹ̀. Ó fi sítíárìn búra pé bí wọ́n ṣe gbé e fún òun lòun ṣe gbé e wá. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi kó lè wò ó fúnra rẹ̀, kò sì dá a padà lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, àwọn èrò inú mọ́tò rẹ̀ ti pín sí méjì. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Olóòlù ń jókòó níwájú, àwọn ti Oníwàyó ń jókòó lẹ́yìn. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ní òun ò dá sí i, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi ní bòókẹ́lẹ́ pé òun fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí mo padà sílé, bàbá yín wà ní ilé arọ, wọ́n jókòó síwájú ògiri ẹ̀yìn ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná. O mọ ògiri náà, èyí tó o fi èédú ya gbogbo wa sí nígbà tó o wà ní kékeré, tó o ya ẹ̀gbọ́n rẹ ní orí ńlá, tó o ya mí ní ẹnu gbàgàdà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ di ọ̀gá níbẹ̀, ó fẹ́ẹ́ fi ẹfun kun gbogbo ilé arọ kó lè mọ́lẹ̀. Bàbá yín dúró síwájú ògiri náà, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kun ibẹ̀, kó kọ́kọ́ kun àwọn. Bó ṣe wà nìyẹn títí dòní, gbogbo ilé arọ funfun, ibẹ̀ nìkan dúdú.

Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní Baba Olójú-Kan yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun ni àléébù rẹ̀. Wọ́n ní bóyá ohun tó mú kó má gbé òòlù fún ọmọ kejì ni pé ó ti rí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé òòlù á fọ́ ọ, ọwọ́ tó ń mú èédú lásán sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ tí èèyàn ń gbé irin gbígbóná fún. Wọ́n ní ọkùnrin náà rò pé ọmọ mọ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ gbogbo èyí nípa ẹni tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ rí. Wọ́n ní iṣẹ́ kan náà làwọn jọ ń ṣe.

Ọmọ mi, èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, mi ò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín àwọn òrìṣà ilẹ̀ òtútù. Tiwa ni mo mọ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé àbúrò mi ló bí ọ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, a ò fi pamọ́ fún ọ rí. Ẹ̀yìn mi lo dàgbà sí. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti gba òòlù, tó o sì di ẹrù rẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, o ò tíì wálé, owó rẹ nìkan ló ń wálé. Owó dáa, a ń ná an, ṣùgbọ́n kì í jókòó bá èèyàn jẹun. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ní kí n sọ pé Olóòlù kò rí ẹni tó lè bú òun dáadáa mọ́ látìgbà tí Oníwàyó ti lọ.

Ó yá, ohun tí a fẹ́ nìyí, bí agbára bá ká a. Awò ojú bàbá yín ti fọ́, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ fi wò, nítorí náà sọ fún ẹni tó ń ta á pé ìdajì owó lo máa san, má jẹ̀ẹ́ kó rẹ́ ọ jẹ. Fi owó aṣọ bẹ́ẹ̀dì kún un, o ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi. Bá wa bẹ ọ̀gá rẹ pé kó má yọ owó ògiri báńkì kúrò nínú owó oṣù rẹ, kì í ṣe ìwọ lo fọ́ ọ, ṣe lo kàn yà á. Sọ fún un pẹ̀lú pé kó tètè tẹ ìwé tó kù jáde, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn kò jẹ́ kí ará ilé wa sùn. Nínú ẹrù yìí, ṣòkòtò wà fún Olóòlù. Bàbá yín tún gbẹ́ ọwọ́ òòlù tó gùn dáadáa fún un, igi tó le ni, kó yọ kúkúrú yẹn dànù.

Kí Ọlọ́run bá mi dá ọ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í parẹ́. Ọ̀nà tó o bá gbà jáde lo máa gbà wọlé pẹ̀lú ayọ̀. O kò ní í fi ọwọ́ òfìfo rin ìrìn, o kò sì ní í kan ilẹ̀kùn kan kí wọ́n má dá ọ lóhùn. Bá mi kí Olóòlù, bá mi kí àbúrò rẹ̀ ju Olóòlù lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó pọ̀n ọ́.

Mo ti parí lẹ́tà, mo ti ń wá okùn tí mo máa fi di ẹrù, ni bàbá yín jáde láti ilé arọ. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń rọ nǹkan kan níbẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ sún mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ kan ni, ó ṣì ń gbóná fẹ́lífẹ́lí. Wọ́n ní kí n fi í sínú ẹrù fún Oníwàyó, nítorí gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé ló mú nǹkan lọ́wọ́, òun nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ ṣófo, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ alágbẹ̀dẹ. Mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo fi í dán àgádágodo wò, ó yí wẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Mo ní bàbá wọn, ilé wa lèyí ń ṣí o, báwo ló ṣe fẹ́ fi ṣí ilé oníwúrà tó wà lórí òṣùmàrè? Wọ́n ní kí n ṣáà dì í. Wọ́n ní ọmọ yẹn kì í ya ohun tí kò bá rí, ó mọ ilẹ̀kùn tó yà.